Ẹnu Ládàánì Ìwéré-Ilé

Leeds,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú oko kaṣú. Mo mọ̀ pé òdòdó rẹ̀ á ti máa yọ báyìí. Mo lérò pé orúnkún Màmá ti fúyẹ́, àti pé Samsudeen ti rán agbádá tó gbà lọ́wọ́ yín láti Iléyá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi pe fóònù yín, ẹ kò gbé e. Mo pe Màmá, wọ́n ní ẹ wà lóko. Mo tún pè lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n ní ẹ ti tún lọ sóko. Oko ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Bàbá? Lánàá ni Màmá wá jíṣẹ́ yín, pé ẹ ní kí n máa kọ lẹ́tà, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ lẹ́tà kọ mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin náà á máa fi ọwọ́ kọ èsì, àwọn á sì máa yà á ní fọ́tò fi ránṣẹ́.

Ó dáa, mo ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń pe ìrun ní mọ́sálásí láti ọdún méjìlélógún, tí ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀nà Ìgànná nígbà tí iná ò bá sí, kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa sá fún fóònù.

Iṣẹ́ mi ń lọ dáadáa. Wọ́n ti gbé mi sí wọ́ọ̀dù àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ àti omi mímu ti di ìṣòro fún. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kejì ni ìdánwò mi. Wọ́n á mú aláìsàn kan jókòó síwájú mi, màá wo iṣan ojú àti ti ẹnu rẹ̀, màá sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó sùn. Ẹ máa fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́.

Ọmọ yín tí ẹ ò fẹ́ bá sọ̀rọ̀,
Ramlah.


Ìwéré-Ilé.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kìíní, 2025.

Ramlah Àbẹ̀kẹ́,

Wàálékùmù sàlámù. Mo gba lẹ́tà rẹ, mo sì fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. O kò kí Bàbá Ògúndìran, ọ̀rẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ òun kì í jókòó tì mí kó má béèrè rẹ. O tún ń bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Mo lo ọdún márùndínlógójì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, bíírò pupa mi ò tíì gbẹ.

Kò sí ohun tó ṣe fóònù mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dúró. Ọ̀fìnkìn ọyẹ́ náà mú mi díẹ̀, Samsudeen ló ń bá mi pe ìrun. Ó ń pè é bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń fi ìṣẹ́jú méje ṣáájú àkókò, torí aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń wò.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún Bàbá Ògúndìran. Mo ní o máa ń wo ẹnu àwọn òyìnbó. Ó ní ṣé eyín lò ń yọ ni? Mo ní rárá, o kàn ń wò ó ni. Ó ní ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, òun náà lè wò ó.

Nígbà tí a ti dórí ọ̀rọ̀ ẹnu, mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Otu, ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún ojú rẹ̀ ò dá a lóhùn mọ́, ẹnu rẹ̀ sì fà sí òsì. Bó bá mu tíì, á dà sí i láyà. Ó ní kí n bá òun bi ọ́ bóyá irú rẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò. Kò kánjú o. Ìgbà tí àyè bá yọ ni kí o fèsì.

Èmi bàbá rẹ,
Ràsáàkì.


Leeds.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kí Bàbá Ògúndìran lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ lè fi kún máàkì mi.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín ará Otu pé kó kánjú. Mi ò bá a ṣeré níbí. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, rọpárọsẹ̀ lè jẹ́, kó má dúró rárá. Kó dúró níwájú dígí, kó gbé irun òkè ojú rẹ̀ sókè bí ẹni tí ẹnu ń yà. Tí iwájú orí bá hunjọ lápá méjèèjì, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ ojú nìkan ló sùn, ó lè jẹ́ pé inú ọpọlọ ni wàhálà náà wà. Tí apá ọ̀tún iwájú orí ò bá hunjọ rárá, tí ojú ọ̀tún ò sì ṣe é pa dé, ó lè jẹ́ iṣan ojú fúnra rẹ̀ ló wú, èyí tó pọ̀ nínú irú ìyẹn sì máa ń padà. Ṣùgbọ́n dígí ò mọ̀ tó dókítà. Èyí tó wù kó jẹ́, kó lọ sí ọsibítù kí ọjọ́ tó yí.

Ẹ sọ fún un pé ó ní ọmọ kan tó fẹ́ràn rẹ̀, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́.

Mo sì fẹ́ béèrè: ọ̀rẹ́ yín yìí, ṣé òun náà máa ń pe ìrun?

Ramlah.


Ìwéré-Ilé.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kìíní, 2025.

Ramlah,

Èmi Àwáwù ìyá rẹ ni mò ń kọ èyí, bàbá rẹ ò mọ̀, wọ́n lọ wo kaṣú. Má wo ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni ní máàkì.

Kò sí ọ̀rẹ́ kankan ní Otu. Bàbá rẹ ni. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù yìí, wọ́n ń ṣe àlùwàlá ìrun Súbúhì. Wọ́n bu omi sẹ́nu, omi náà ń dà jáde ní igun ẹnu ọ̀tún. Wọ́n tún bu òmíràn, ó tún dà. Wọ́n ní kí n wá wo kẹ́tù yìí, pé ó ń jò. Mo wo ojú wọn, mo sì rí i pé kì í ṣe kẹ́tù.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ìbòmú bo ẹnu, tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọ̀fìnkìn ni. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, pé o máa fi ìdánwò sílẹ̀ wá wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà rẹ débi ọmọ tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n ní, “Àwáwù, mú híjáàbù rẹ, à ń lọ sí Ìsẹ́yìn.”

Dókítà ní kì í ṣe rọpárọsẹ̀, Alihamudulilahi. Iṣan ojú ló wú. Ó bá wa wí pé a pẹ́, pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló yẹ kí a ti wá. Ó fún wọn ní oògùn lílò àti èyí tí wọ́n á máa kán sí ojú. Wọ́n á ní kí n sọ fún ọ pé ọ̀rẹ́ wọn ti rí dókítà. Ṣe bí ẹni tó gbà wọ́n gbọ́, Ramlah. Ojú ń tì wọ́n ni.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá mi,

Mo gbọ́ lẹ́nu Màmá pé ọ̀rẹ́ yín ti rí dókítà. Inú mi dùn ju bí ẹ ṣe lè rò lọ.

Ẹ ní kó máa lo oògùn rẹ̀ bí dókítà ṣe kọ ọ́. Tó bá fẹ́ sùn, kí wọ́n rọra fi pílásítà dé ojú tí kò ṣe é pa dé yẹn, kí eruku ọyẹ́ má bà á jẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ bá wa yẹ ojú rẹ̀ wò. Ìta ni kí wọ́n jókòó sí, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí ìyàwó kọjú sí ọkọ. Ohun tí ìyàwó bá ṣe ni ọkọ á ṣe tẹ̀lé e, bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Kó gbé irun òkè ojú sókè, kó pa ojú dé pinpin, kó yínmú. Kó ṣu ètè jọ bí ẹni tó ń yọ ṣùtì, kó wá fi eyín hàn. Kó kó afẹ́fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n wo ibi tó ti ń jò. Kó yọ ahọ́n síta tààrà. Kí ìyàwó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Kó má fi agbára ṣe é. A kàn fẹ́ mọ èyí tó ti ń jí ni.

Mo kí ọ̀rẹ́ yín. Mo kí ìyàwó rẹ̀ gan-an.

Ramlah.


Ìwéré-Ilé.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kìíní, 2025.

Ramlah,

Mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni ìyàwó ọ̀rẹ́ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò nílé ọkọ, kò yínmú sí i lójúkorojú rí. Bó bá ń ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Ìwọ wá jókòó sókè òkun, o kọ ọ́ sínú ìwé pé kó yínmú sí ọkọ rẹ̀, kó yọ ṣùtì sí i, kó yọ ahọ́n sí i, kó sì ṣe é níta gbangba. Gbogbo ohun tí mo ń torí rẹ̀ na ọmọ ní kíláàsì lo kó jọ sójú kan, tí o pè é ní àyẹ̀wò.

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó yínmú díẹ̀, ó fọwọ́ bo ojú. Nígbà tó máa fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń gbádùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣùtì tó yọ gbẹ̀yìn yẹn pẹ́ ju bí iṣẹ́ náà ṣe gbà lọ, pé ó dà bíi pé ó ní ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá nínú.

Èsì nìyí. Apá ọ̀tún iwájú orí ò hunjọ. Ojú ọ̀tún ò pa dé tán. Imú, apá òsì nìkan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń jò bí táyà ọ̀kadà. Ahọ́n jáde tààrà, ìyẹn nìkan ló gba mẹ́wàá.

Ohun tó ń dun ọ̀rẹ́ mi jù ni pé ètè rẹ̀ méjèèjì ò pàdé. Kò sí bí èèyàn ṣe lè pe ìrun tí ètè ò ní pàdé, ì báà ṣe ibi tí a ti ń gbé Ọlọ́run ga tàbí ibi orúkọ Ànábì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ló ń gbọ́ tí ẹlòmíràn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń dùn ún dé egungun. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ẹnu náà á ti padà kí Ràmàdáànì tó wọlé.

Bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá mi,

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo ti fèsì. Mo sọ fún yín pé mi ò lè ṣèlérí, pé èyí tó pọ̀ jù máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan, àwọn mìíràn sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹ ò kọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Màmá náà kàn ń sọ pé, “Ara wọn le, ara wọn le,” wọ́n á sì pa fóònù.

Ẹ̀yin lẹ ní kí a máa kọ lẹ́tà. Inú ń bí mi, Bàbá, mi ò sì ní fi pa mọ́. Ọ̀tún, òsì, ẹnu àwọn bàbá oníbàbá ni mò ń wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tèmi wà ní Ìwéré-Ilé, mi ò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Bí ọ̀rẹ́ yín ará Otu ò bá lè kọ̀wé, kí ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́.

Ramlah.


Ìwéré-Ilé.
Ọjọ́ Kọkànlélọ́gbọ̀n, Oṣù Kìíní, 2025.

Ramlah ọmọ mi,

Kò sí ọ̀rẹ́ kankan ní Otu. Èmi ni. O ti mọ̀, mo sì mọ̀ pé o ti mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé rẹ dá sílẹ̀. O ní ká jókòó síta, a sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo bọ́ ìbòmú, mo kẹ̀yìn sí títì kí àwọn tó ń kọjá má baà rí mi. Ìyá rẹ ló wá kọjú sí títì. Jímọ́ọ̀ méjì ni Ìyá Mùyìbátù tó wà ní ọ̀kánkán wa fi jókòó nídìí gààrí tó ń yan, tó ń wo ìyá rẹ bó ṣe ń yínmú, tó ń yọ ṣùtì, tó ń yọ ahọ́n sí ọkọ rẹ̀.  Ẹ̀yìn fìlà mi nìkan ló ń rí. Ó bá so ó pọ̀, ó sì sọ ọ́ káàdúgbò: ohun tó gba ohùn lẹ́nu Ládàánì nìyí. Àrífín ìyàwó ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, Lèmọ́mù kó wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú Samsudeen. Bàbá Ògúndìran tẹ̀ lé wọn. O mọ̀ pé ọdẹ ni, Ògún ló ń bọ, ṣùgbọ́n ó ní òun ló tẹ̀ lé mi lọ tọrọ Àwáwù, wọn ò sì ní parí ìjà ilé mi lẹ́yìn òun. Lèmọ́mù wàásù fún wa nípa sùúrù. Ó wá ní kí ìyá rẹ bẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìyá rẹ ní láti sọ kó lè dá ara rẹ̀ láre. Ó wo ìbòmú mi. Ó wá fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Ramlah, ẹ má bínú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Mi ò lè fara dà á. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń tọ́jú ojú mi pa mọ́. Obìnrin yìí wà nílẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, kí ojú má baà tì mí. Mo fa ìbòmú náà já. Mo gbé e dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí ètè mi ṣe gbà mí láyè, itọ́ ń dà díẹ̀díẹ̀.

 Mo mú lẹ́tà rẹ fún Lèmọ́mù, ó kà á sókè. Bàbá Ògúndìran ní kó tún ibi ṣùtì yẹn kà, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá tòun ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ṣu ètè jọ, ó súfèé, ni ajá rẹ̀ méjèèjì bá já wọ pálọ̀, wọ́n da tíì Lèmọ́mù nù. Samsudeen ti ń fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lèmọ́mù pàápàá ń gbé irun òkè ojú sókè, ó ń bi mí bóyá tòun dọ́gba. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Mùyìbátù yọjú láti wo ibi tí ìlàjà dé. Ó bá àgbàlagbà mẹ́rin tí wọ́n ń yínmú síra wọn. Ó yí padà láìkí ẹnì kankan.

Lèmọ́mù bá mi kẹ́dùn, kò sì parọ́ fún mi. Ó ní àyè mi wà nílẹ̀ di ọjọ́ kìíní ààwẹ̀. Bí ètè mi ò bá tíì pàdé lọ́jọ́ náà, Samsudeen á di Ládàánì. Mi ò bá a jiyàn. Ẹ̀rù ń bà mí, Ramlah.

Má wá sílé. Ṣe ìdánwò rẹ.

Bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo yege.

Bàbá òyìnbó kan ni wọ́n mú jókòó síwájú mi, ó ju yín lọ lọ́jọ́ orí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí mo fi débi tí mo ti ní láti yínmú kó lè yínmú tẹ̀lé mi. Mo rántí orúnkún Màmá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá tó ń yẹ̀ mí wò ní ṣé ara mi le? Mo ní eruku ni. Eruku wo ló wà ní Leeds? Ilẹ̀ tó tutù rinrin látàárọ̀.

Màmá, ẹ kú ìyà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí lé lórí, ẹ̀yin ti ṣe é láìgba nǹkan kan.

Bàbá, ẹ rọra máa ṣe é o, ìgbà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ipá fa ojú. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fẹ́ gba mẹ́wàá nínú ohun gbogbo. Èmi ò bìkítà bóyá ohùn yín wọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ṣáá. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń gbọ́ “nọ́ńbà tí ẹ pè ò gbé e,” mo sì ti mọ ohùn obìnrin yẹn ju ti bàbá mi lọ.

Ramlah yín.


Ìwéré-Ilé.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Ramlah,

Mẹ́sàn-án. Ọ̀kan tí mo yọ, ti irọ́ eruku yẹn ni.

Láàárọ̀ yìí mo bu omi sẹ́nu níbi àlùwàlá. Ó dúró. Mo gbé e pamọ́ sẹ́nu títí ìyá rẹ fi ní ṣé mo fẹ́ gbé e mì ni. Ìgbà tí mo tu ú dànù, ẹ̀kán kan ló gba igun ọ̀tún. Iwájú orí náà ti ń hun díẹ̀. Ìyá rẹ ní òun ṣì máa yínmú ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, kó dáni lójú. Mo ní kò pọn dandan. Ó ní ìwé Ramlah ló sọ bẹ́ẹ̀.

Má tíì pè mí.

Bàbá rẹ.


Ìwéré-Ilé.
Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kẹta, 2025.

Ramlah Àbẹ̀kẹ́,

A bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni Lèmọ́mù ní kí n jókòó síwájú òun, kí n pè é jẹ́jẹ́ láìlo gbohùngbohùn. Samsudeen wà níbẹ̀. Mo pè é. Atẹ́gùn díẹ̀ ṣì ń yọ ní ọ̀tún, ohùn náà ò sì ní pẹ́ lókè bó ṣe máa ń pẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ètè pàdé. Lèmọ́mù wo Samsudeen, Samsudeen sì ní òun ti ní aṣọ ọdún tó pọ̀ tí òun fẹ́ rán. Bó bá ṣe òótọ́, kó fi agbádá mi bẹ̀rẹ̀.

Ìrun Màgáríbì, èyí tí a ó fi ṣínu, èmi ni n ó pè é. Ìyá Mùyìbátù ti gbé àga síta.

Mi ò ní kọ lẹ́tà mọ́. Pè mí nígbà tí aago méje bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún níbí, ti yín á jẹ́ mẹ́fà ku márùn-ún. Ìyá rẹ ni yóò gbé e, yóò dúró sábẹ́ gbohùngbohùn ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Má sọ̀rọ̀, ṣáà máa gbọ́. Bí mo bá ti fi omi ṣínu, tí mo kírun tán, màá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ ni kí o mú bíírò pupa lónìí. Má ṣàánú mi. Bó bá jẹ́ márùn-ún ni mo gbà, sọ fún mi pé márùn-ún ni.

Fóònù mi ò bàjẹ́ rí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Pè mí, ọmọ mi. Màá gbé e.

Bàbá rẹ,
Ràsáàkì, Ládàánì.